Ihò Ara Igi: Bí A Ṣe Ń Mọ Igi Tí Wọ́n Fi Ṣe Gìtá Béèsì Àtijọ́

Mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn olórin ìjọ àti àwọn kápẹ́ńtà ní gbọ̀ngàn kan ní Kàbbà. Àwọn tí kò ráyè wá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Ìbéèrè táwọn èèyàn bi mí, mo fi wọ́n sí ibi tí wọ́n ti bi mí gan-an.

Okun o, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ti Ìyàrà, Mọ̀pà àti Ìsánlú wá, ẹ kú ọ̀nà. Mo rí i pé àwọn méjì gbé gìtá wọn dání láti Ẹ̀gbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé wọn sórí tábìlì níbí, ẹ má gbé wọn sẹ́bàá fèrèsé. Oòrùn tó ń wọlé yẹn kò dáa fún wọn.

Ẹrù tí mo gbé wá kò pọ̀. Pákó márùn-ún ni mo kó wá láti ṣọ́ọ̀bù mi: tíìkì, ọ̀gánwó, arère, afárá àti mèlínà. Mo mú abẹ tuntun kan wá, àti awò kékeré tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po mẹ́wàá, irú èyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ góòlù ń lò. Èyí tó wà lábẹ́ aṣọ yìí, gìtá béèsì tí ìjọ kan fi ránṣẹ́ sí mi ni. Wọ́n fẹ́ tà á. Ẹni tó fẹ́ rà á ń béèrè irú igi tí wọ́n fi ṣe é, kò sì sí ẹni tó lè dá a lóhùn. A ó jọ tú u kí a tó kúrò níbí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ àṣìṣe kan tí mo ṣe. Ó ti tó ogún ọdún báyìí. Bàbá àgbà kan gbé gìtá béèsì wá fún mi, àbúrò rẹ̀ ló gbé e wálé láti Amẹ́ríkà. Ọ̀dà ara rẹ̀ dúdú létí, ó pọ́n díẹ̀ tẹ̀ lé e, ó sì wá ń di àwọ̀ oyin bó ṣe ń súnmọ́ àárín, bí ojú ọ̀run nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀. Gbogbo rẹ̀ ti sán wẹ́wẹ́ bíi gìgísẹ̀ lásìkò ọyẹ́. Bàbá ní kí n bá òun tún un ṣe, kí n sì sọ irú igi tó jẹ́ fún òun. Èmi ọmọ kápẹ́ńtà, mo mú sáńpépà. Mo fá a, mo fá a, títí mo fi kan igi. Mo rí igi náà lóòótọ́: alder ni, igi ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan. Mo kun ọ̀dà tuntun tó ń dán sí i, bàbá dúpẹ́, mo gbowó iṣẹ́ mi.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ọmọ bàbá gbé e lọ sí Èkó fún ẹnì kan tó ń ra ohun èlò orin àtijọ́. Ọkùnrin yẹn ní ọ̀dà tó sán wẹ́wẹ́ yẹn gan-an ni òun ì bá sanwó lé lórí. Ó ní irú gìtá bẹ́ẹ̀, tí wọ́n bá ti lè fá a kí wọ́n tún un kùn, owó rẹ̀ lè wá sílẹ̀ tó ìdajì. Bẹ́ẹ̀, kò sídìí tí mo fi fá a. Ṣúkúrù mẹ́rin péré ni ǹ bá tú, igi náà ì bá fara hàn mí láìsí pé mo fọwọ́ kan ọ̀dà. Ó ń dùn mí títí dòní. Ìdí rèé tí n kì í fi kọ̀ bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ bá mi fi í sọ́kàn: a kò ní fá ohunkóhun.

Ẹ̀yin kápẹ́ńtà, mo ní ìbéèrè kan. Bí wọ́n bá gbé pákó méjì fún yín, tí wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kan náà kun méjèèjì, báwo lẹ ó ṣe mọ èyí tó jẹ́ ọ̀gánwó àti èyí tó jẹ́ arère?

(Bàbá kan tó jókòó níwájú dáhùn: “A ó gbé e wò lọ́wọ́. A ó sì wo ẹnu ibi tí wọ́n ti rẹ́ ẹ.”)

Ẹ ṣeun, bàbá. Ọ̀rọ̀ mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ẹ gbé e wò, kí ẹ sì wo ẹnu ibi tí wọ́n ti rẹ́ ẹ ní ìdábùú. Ohun tí bàbá ń ṣe láràárọ̀ ní ọjà pákó, òun náà ni ẹni tó bá fẹ́ mọ igi gìtá ní láti ṣe. Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìnà ni pé àwọ̀ ni wọ́n ń wò. Àwọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí. Wọ́n lè fi omi àró pa alder láró kó jọ mọ̀hógánì. Ọjọ́ orí lè sọ igi funfun di pupa rẹ́súrẹ́sú. Àwọn ilé iṣẹ́ kan tilẹ̀ wà tí wọ́n ń lẹ awẹ́ igi fẹ́lẹ́ tó rẹwà mọ́ ojú igi yẹpẹrẹ. Ní àwọn ọdún 1990, àwọn gìtá kan jáde láti Japan tí àwòrán igi ni wọ́n tẹ̀ sí wọn lára, kì í ṣe igi gan-an ni ojú ń rí.

Ihò ló ń sọ òótọ́. Gbòǹgbò ń fa omi, ewé sì ń retí rẹ̀ lókè. Àwọn ihò tóóró tó gba inú igi kọjá lọ́ọ̀ọ́rọ́ ni omi ń gbà lọ. Bí a bá rẹ́ igi ní ìdábùú, ẹnu àwọn ihò yẹn ni yóò kọjú sí wa. Bí wọ́n ṣe tò síbẹ̀ ni ilà ojú igi, bí ilà tó wá pàdé létí ẹnu ṣe máa ń sọ ọmọ Yàgbà fúnni láyé àwọn bàbá wa. Àwọ̀ ara èèyàn kò lè sọ ìlú rẹ̀ fún ọ, ilà lè sọ ọ́.

Ẹ wá wo tíìkì yìí. Mo ti fi abẹ gé ẹnu rẹ̀ kó lè mọ́. Ẹ rí àwọn ihò ńlá tó tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bíi ìlẹ̀kẹ̀? Lẹ́yìn wọn ni ihò kéékèèké, lẹ́yìn ìyẹn ìlà ìlẹ̀kẹ̀ mìíràn. Ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọdún kan. Ẹ wá wo ọ̀gánwó. Òun náà ní ihò tí ojú lásán lè rí, ṣùgbọ́n kò sí ìlà. Wọ́n kàn fọ́n káàkiri bí ìgbà tí èèyàn da ẹ̀pà sí ilẹ̀ láti sá a. Ìyàtọ̀ méjì yìí ni ilẹ̀kùn ọ̀rọ̀ náà. Igi ilẹ̀ olótùútù kan wà tí kì í ní ewé lórí fún oṣù bíi mélòó kan. Bí òtútù bá kásẹ̀ nílẹ̀, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ gidigidi, ó sì ń la ihò ńlá láti fi mumi kíákíá. Bó bá ti wá yó, ó ń la kéékèèké. Ash, igi Amẹ́ríkà kan, ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ tí tíìkì ti wá ní Éṣíà ní ọ̀gbẹlẹ̀ tó le, ìdí nìyẹn tí òun náà fi ń ṣe ohun tó jọ ọ́.

Mo ti dárúkọ ash àti alder, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí wọ́n ti wọ inú ọ̀rọ̀ gìtá. Ní ọdún 1951 ni Leo Fender, ará Amẹ́ríkà kan tó ń ṣe gìtá, gbé gìtá béèsì rẹ̀, Precision Bass, jáde ní Fullerton ní California. Ṣáájú ìgbà yẹn, béèsì onígi gíga tí èèyàn ń dúró ti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló gbòde, kò rọrùn láti gbé rìnrìn àjò, ìró rẹ̀ kò sì lè borí ìlù. Fender fi pákó ṣe é, láìsí ihò nínú bíi ti gìtá ìbílẹ̀ wọn. Igi tó lò ni ash. Ara gìtá náà tẹ́ pẹrẹsẹ ní ìbẹ̀rẹ̀, títí di 1954 tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í gé etí rẹ̀ kó lè bá ìhà olórin mu.

Ní ọdún 1956 ni àyípadà ńlá dé. Fender bẹ̀rẹ̀ sí í lo alder fún àwọn gìtá tí wọ́n ń kùn bíi oòrùn tó ń wọ̀, irú èyí tí mo bà jẹ́ yẹn. Wọ́n fi ash sílẹ̀ fún àwọn tí wọ́n ń kun ọ̀dà funfun tó ń jẹ́ kí ojú rí iṣan igi lábẹ́. Ìdí rẹ̀ yé kápẹ́ńtà dáadáa. Ihò ash tóbi. Bí o kò bá kọ́kọ́ fi nǹkan dí i, ọ̀dà yóò máa rì sínú rẹ̀. Alder kò fẹ́ irú wàhálà yẹn, ihò rẹ̀ kéré, ọ̀dà ń jókòó sórí rẹ̀, ó sì pọ̀ ní etíkun ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà níbi tí ilé iṣẹ́ náà wà. Jazz Bass, béèsì Fender mìíràn tó jáde ní 1960, bá alder nílé. Ní 1965 Fender ta ilé iṣẹ́ náà fún CBS, ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, ní mílíọ̀nù 13 dọ́là, àti ní àwọn ọdún 1970, nígbà tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ gìtá tí ọ̀dà rẹ̀ mọ́ gaara kí iṣan igi lè hàn, ash padà wá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe irú ash ti ìṣáájú ló pọ̀ jù nínú wọn. Ọ̀pọ̀ wọn wúwo débi pé èjìká olórin a máa gbọgbẹ́.

Ash ti ìṣáájú, inú irà ni ó ń hù ní ìsàlẹ̀ odò Mississippi. Gbòǹgbò rẹ̀ ń wà nínú omi fún ọ̀pọ̀ oṣù, ìdí igi náà sì máa ń fúyẹ́. Èyí tó ń hù lórí ilẹ̀ líle ní àríwá ló wúwo. Mo máa ń ronú nípa ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí mo bá rí bí ọ̀gánwó ṣe di ohun tí à ń fi ojoojúmọ́ wá kiri ní agbègbè wa. Ní 2002 wọ́n rí kòkòrò kan ní Michigan, aláwọ̀ ewé tó ń dán, tó wá láti Éṣíà. Ọmọ rẹ̀ ń gbé abẹ́ èèpo ash, ó ń jẹ ọ̀nà tí oúnjẹ igi ń gbà. Ó ti pa ash lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Nígbà tó di 2020, Fender kéde pé àwọn kò ní fi ash ṣe ọ̀pọ̀ jù lọ nínú gìtá àwọn mọ́. Nítorí náà, bí ẹ bá ní ash àtijọ́ ní ilé ìjọ yín, ẹ ní ohun tí kò rọrùn láti tún rí.

Àwọn ilé iṣẹ́ yòókù, n óò yára. Gibson fẹ́ràn mọ̀hógánì: àwọn béèsì wọn tó ń jẹ́ EB-0 àti EB-3 jẹ́ mọ̀hógánì, Thunderbird tó jáde ní 1963 náà sì ní in lára. Rickenbacker 4001 jẹ́ maple, igi líle tí wọ́n fi ń ṣe ọrùn gìtá àwọn ẹlòmíràn. Höfner ti Jámánì, 500/1, èyí tí Paul McCartney, olórin ẹgbẹ́ Beatles, sọ di olókìkí, oníhò nínú ni: igi spruce ni ojú rẹ̀, maple ni ẹ̀yìn àti ìhà rẹ̀, fún ìyẹn, ẹ kò ní láti tú nǹkan kan. Àwọn ti Japan ni kò ṣeé fi orúkọ mọ̀. Ní àwọn ọdún 1960 àti 1970 wọ́n lo lauan, wọ́n lo sen, wọ́n lo basswood, wọ́n sì lo pílaíwúùdù. Àwọn wọ̀nyí ló pọ̀ jù lọ nínú ohun tí mo ń rí láti Kàbbà títí dé Ẹ̀gbẹ̀, orúkọ orí wọn kò sì sọ ohun kan nípa igi wọn.

Kí n tó kúrò lórí Gibson, ẹ bá mi gbé pákó kẹrin yẹn sókè. Afárá nìyẹn. Gbogbo kápẹ́ńtà inú ilé yìí ti fi ṣe nǹkan rí. Ní 1958 Gibson gbé gìtá méjì jáde tí ìrísí wọn ya àwọn èèyàn lẹ́nu, Flying V àti Explorer, wọ́n sì pe igi wọn ní “korina”. Lónìí, olówó ńlá ló ń ra ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ṣe nígbà yẹn. Korina yẹn, afárá ni. Igi kan náà, tó ń hù ní igbó Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà títí dé Kóńgò, orúkọ ọjà ni wọ́n fi pè é. Gìtá lásán ni àwọn méjèèjì, wọn kì í ṣe béèsì, ṣùgbọ́n n kò lè sọ̀rọ̀ igi gìtá ní iwájú àwọn tó ń rẹ́ afárá kí n má sọ ìyẹn.

Ó yá, níbo ni à ń wò? Ara gìtá ní ọ̀pọ̀ ibi tí igi ti wà níhòòhò láìsí pé ẹ fá a. Abẹ́ ike tó bo àyà rẹ̀. Inú ihò tí píkọ́ọ̀pù, ohun tó ń gba ìró okùn, jókòó sí. Inú ihò tí kọ́ńtírólù ohùn wà. Abẹ́ irin tó di ìdí okùn mú. Ṣùgbọ́n ibi tó dára jù ni ihò tí ìdí ọrùn wọ̀. Iṣan igi ara gìtá máa ń lọ láti orí sí ìdí, nítorí náà ògiri ihò yẹn tó kọjú sí ọrùn jẹ́ ojú ìdábùú, ibi tí bàbá ní ká máa wò. Àti pé nínú àwọn Fender ọdún 1960, wọ́n máa ń de igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ inú ihò náà láti fi di ara gìtá mú nígbà tí wọ́n bá ń fín ọ̀dà sí i. Ibi tí igi yẹn bò, ọ̀dà kì í dé ibẹ̀. Ẹ fi abẹ tuntun gé ibi tí kò ju ẹyọ ìrẹsì kan lọ kó mọ́, ẹ fi ìka kán omi díẹ̀ sí i, ẹ gbé awò lé e. Ẹni tí kò bá ní awò lè fi fóònù ya á, kó wá fà á sókè.

Bí ihò bá tò ní òrùka bíi ti tíìkì, ó kù sí ash tàbí sen. Sen jẹ́ igi Japan, ó sì ti tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ, nítorí pé ojú rẹ̀ jọ ti ash gan-an. Ẹ ka ìlà ihò ńlá náà. Ash máa ń ní ìlà méjì sí mẹ́rin tó sún mọ́ra. Sen, ìlà ẹyọ kan ni, àwọn ihò kéékèèké tó tẹ̀ lé e sì ń ṣe kọ́rọkọ̀rọ bí ìgbì omi. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iṣan ojú nìkan ta sen fún yín ní owó ash.

Bí ihò bá fọ́n káàkiri, ẹ wo bó ṣe tóbi tó. Ìyẹn tí ojú lásán rí, tí igi náà pupa rẹ́súrẹ́sú: mọ̀hógánì, tàbí ọ̀gánwó, tàbí lauan. Mọ̀hógánì Amẹ́ríkà Àárín àti ọ̀gánwó jẹ́ ìbátan, dóńgóyárò náà wà nínú ẹbí wọn. Ti Amẹ́ríkà máa ń ní ìlà funfun tóóró tó pààlà sí òrùka rẹ̀. Ọ̀gánwó kì í sábà ní in, iṣan rẹ̀ sì máa ń yí sọ́tùn-ún yí sósì, ohun tó ń fa pílánà yín ya nìyẹn. Lauan kò bá wọn tan rárá, bí wọ́n tilẹ̀ ń pè é ní mọ̀hógánì Philippines. Òun ní ọ̀nà oje nínú, oje funfun sì máa ń gbẹ síbẹ̀: lábẹ́ awò, ẹ ó rí àmì funfun tín-ín-rín tó tò bí ìgbà tí èèyàn fi ẹfun tọ́ ọ sí ìlà. Bí ẹ bá rí ìlà ẹfun yẹn, ẹ kò nílò ẹ̀rí mìíràn.

Bí ihò bá kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò rí i, iṣẹ́ dé nìyẹn. Alder, basswood, poplar àti maple wà níbẹ̀. Maple ń fi ara rẹ̀ hàn: ó le, ó wúwo, ó ń tàn díẹ̀díẹ̀. Poplar sábà máa ń ní ibì kan tó dà bí ewé ṣíṣá, nígbà mìíràn ó ń ṣe bíi àwọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ àlùkò. Basswood funfun bí arère, ó sì rọ̀. Ẹ fi èékánná tẹ̀ ẹ́ nínú ihò, yóò gba ojú èékánná. Alder le jù ú lọ díẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì pọ́n ju tirẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ ẹ ni ó ń funfun, afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di pupa. Àmì tí mo gbẹ́kẹ̀ lé ni pé alder máa ń ní ìlà gbòòrò kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti àárín igi lọ sí èèpo, tó gba inú òrùka kọjá. Lójú pákó, ìlà yẹn á dà bíi pé ẹnì kan fi pẹ́ńsùlù fà á síbẹ̀. Basswood kò ní irú rẹ̀. Ó gbà mí ní ọ̀pọ̀ gìtá kí ojú mi tó mọ̀ ọ́n, ẹ má jẹ́ kó sú yín.

(Ọ̀dọ́kùnrin kan láti Mọ̀pà béèrè bóyá a kò kúkú lè gbé e sórí òṣùwọ̀n.)

Ó lè ràn wá lọ́wọ́, kò lè dá ẹjọ́. Kúbíìkì mítà kan ash ti orí ilẹ̀ jẹ́ nǹkan bí kílò 670, alder nǹkan bí 450, basswood nǹkan bí 415. Bí wọ́n bá gbẹ́ ara gìtá kan náà láti inú ash àti alder, ti ash lè fi ìdajì wúwo ju èkejì lọ. Ṣùgbọ́n ash inú irà lè fúyẹ́ bí alder, irin tó wà lára gìtá sì ń da ìwọ̀n rú. Bí gìtá béèsì bá ju kílò 4.5 lọ, èrò mi á kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ ash tàbí maple. N óò ṣì tú u wò.

Ọyẹ́ náà máa ń bá wa ṣiṣẹ́. Ní oṣù Ọ̀pẹ sí Ṣẹẹrẹ, igi ń gbẹ, ó ń sún kì, ibi tí wọ́n ti fi gúlù so pákó pọ̀ á sì rì díẹ̀ lábẹ́ ọ̀dà. Ẹ dojú gìtá kọ iná tó ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́, ẹ ó rí ìlà tó gùn tààrà. Ọ̀pọ̀ gìtá gidi jẹ́ pákó méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n so pọ̀, kì í ṣe àlèébù. Ohun tí ẹ ó máa ṣọ́ ni ìlà tó wà ní ìhà gìtá, tó tò lórí ara wọn bí ojú ewé ìwé. Pílaíwúùdù nìyẹn. Bí iṣan ojú gìtá bá sì dé etí rẹ̀ tí kò bá a sọ̀ kalẹ̀ sí ìhà, awẹ́ fẹ́lẹ́ ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn.

(Ìyá kan tó ń darí akọrin béèrè pé: “Ṣé igi ló ń mú kó dún dáadáa ni? Nítorí owó tí ẹ ń sọ yìí pọ̀.”)

Ìyá, ẹ ṣeun. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ilé yìí ò ní gbà pẹ̀lú mi. Lójú tèmi, nínú gìtá tó ń fi iná ṣiṣẹ́, okùn, píkọ́ọ̀pù, àti ọwọ́ olórin ṣe pàtàkì ju igi ara lọ nínú ohun tí etí ìjọ ń gbọ́. Ìwúwo rẹ̀ lọ́rùn ọmọ yín ni igi kọ́kọ́ ń yí padà. Àtúnṣe náà tún wà ńbẹ̀: basswood kì í di ṣúkúrù mú pẹ́, ihò rẹ̀ ń gbòòrò, ẹni tó bá mọ̀ pé basswood ni yóò fi igi líle àti gúlù dí i kó tó tún kan án. Ẹ̀kẹta ni ọjà. Ìjọ tó bá sọ pé ash ni òun ń tà, ash ni kó jẹ́. Ẹni tó ń rà á láti Lọ́kọ́ja tàbí Ìlọrin kò lè tú u lórí fóònù.

Ó tó wàyí, ẹ jẹ́ ká ṣí aṣọ kúrò lára gìtá yìí.

Ẹ rí i pé dúdú ni gbogbo rẹ̀, ọ̀dà náà sì ki. Ó jọ pé wọ́n ti kùn ún ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Mo wọ̀n ọ́n lánàá: kílò 4.9. Mo ti dẹ okùn rẹ̀ sílẹ̀. Ike àyà ni mo kọ́kọ́ ń tú. Ẹ wò ó: ọ̀dà dúdú kò dé abẹ́ ike dáadáa, ẹ rí etí ọ̀dà àkọ́kọ́, mímọ́ gaara, pẹ̀lú iṣan igi lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó kùn ún dúdú kò tú ike kó tó kùn ún. Àìbìkítà rẹ̀ ló gbà wá. Ẹ bá mi ka nọ́ńbà ẹ̀yìn kọ́ńtírólù yìí. “1377320.” 137 ni àmì ilé iṣẹ́ CTS tó ṣe é, 73 ni ọdún, 20 ni ọ̀sẹ̀: ọ̀sẹ̀ ogún ti 1973. Ìyẹn kì í ṣe ọjọ́ ìbí gìtá. Kọ́ńtírólù lè wà nínú àpótí fún ìgbà pípẹ́. Fender ra púpọ̀ ní 1966, wọ́n sì ń lò ó fún ọdún mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó ń sọ fún wa ni pé bí ẹnikẹ́ni kò bá pààrọ̀ rẹ̀, gìtá náà kò lè dàgbà ju 1973 lọ, ìyẹn sì jẹ́ àsìkò tí ash ti padà.

Ọrùn rèé. Ṣúkúrù mẹ́rin. Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá. Mo ti gé ibi kékeré kan mọ́ lára ògiri ihò náà. Ẹ gbé awò súnmọ́ ojú, kí ẹ wá gbé gìtá súnmọ́ awò. Kí lẹ rí?

(Bàbá wò ó títí. “Ó tò bíi ti tíìkì. Ìlà ńlá, lẹ́yìn náà kéékèèké.”)

Ìlà ńlá yẹn, ẹyọ kan ni àbí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ?

(“Ó jù bẹ́ẹ̀. Méjì níbí. Mẹ́ta lọ́hùn-ún.”)

Ash ni. Bàbá kò rí igi ash rí ní ayé rẹ̀ kó tó di ìṣẹ́jú yìí, òun ló sì dá a mọ̀. Mo máa kọ ọ́ sínú ìwé fún ìjọ náà: ash, pákó mẹ́ta, kọ́ńtírólù 1973, ọ̀dà dúdú kì í ṣe ti ilé iṣẹ́. Gbogbo rẹ̀ ni n óò kọ, àti èyí tó wù wọ́n àti èyí tí kò wù wọ́n.

A ń dá ọrùn padà báyìí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ súnmọ́ ibí, ibi tí wọ́n ti ń ba igi jẹ́ nìyí. Ṣúkúrù ti gé ọ̀nà rẹ̀ sínú maple ọrùn láti ọ̀pọ̀ ọdún wá. Ẹ fi ọwọ́ yí i padà sẹ́yìn díẹ̀, sí òsì, títí ẹ ó fi gbọ́ ọ tó já sínú ọ̀nà rẹ̀, “tẹ́”. Ẹ gbọ́ ọ? Ìgbà yẹn ni kí ẹ wá yí i sí ọ̀tún. Ẹ má fi ẹ̀rọ iná ṣe é. Ẹ mú méjì tó dojú kọra ní ìdábùú, kí ẹ tó mú méjì yòókù. Èyí tó kù, ìwọ ọmọ Ìsánlú, wá di í.